Bí Mo Ṣe Lọ Mú Dépò Kúrò Nínú Mọ́tò Búrẹ́dì

Kí àkùkọ tó kọ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ni ìyá Dépò ti dìde, tó ti gbé omi ìwẹ̀ mi kaná, tó sì jókòó ti àdògán tó ń sunkún. N kò bi í ní ohun tó ń pa á lẹ́kún, torí gbogbo agbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Ará ilé wa kan tó ti Èkó wá síbi ìsìnkú ló gbé ìròyìn náà wá. Ó ní Ọládépò, àkọ́bí wa, tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, kò gbé inú ilé mọ́. Inú ọkọ̀ kan tí wọ́n ti pa tì ló ń sùn. Tí ilẹ̀ bá sì ti fẹ́ mọ́, á wọ ṣòkòtò péńpé, á bọ́ sójú títì, á máa sáré lọ, á máa sáré bọ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí nílé, ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo ló ń sùn sínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó tún ń sáré láìsí ẹni tó ń lé e? Ní ìlú wa, orúkọ kan ṣoṣo ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í sì í pè é létí ìyá rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹ ṣe ń ka èyí, tí àga náà bá sì ń mì, ẹ̀yin lẹ kò tọ́jú rẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ìbàdàn ni mo lọ jìnnà jù tẹ́lẹ̀, ìṣó ni mo sì lọ rà. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dà báyìí, mo dìde láàárín àwọn ẹbí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ní n kò ní padà sílé láìmú ọmọ mi dání. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mi orí pé ó dára. Nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀, ó fi okùn kan sínú àpò mi, ó ní, "Tó bá le, kí o má baà máa wá okùn kiri."

Mo san náírà méjì àbọ̀ ní gáréèjì, wọ́n fi mí sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nítorí irun funfun mi. Awakọ̀ náà, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń jẹ obì láìsinmi, kò fẹ́ràn kí ọkọ̀ dákẹ́. A kò tíì dé odò Ọbà tó fi bi mí léèrè.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe l'Ékòó?"

"Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi bọ̀."

"Kí lọmọ náà ṣe?"

"Ó ń sáré."

Ó ronú díẹ̀. "Ṣé ọlọ́pàá ló ń lé e ni?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé e."

Ó jẹ obì rẹ̀ títí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí. "Ọlọ́run á wò ó sàn." Láti ìgbà náà títí a fi dé Ìbàdàn, kò tún bi mí ní ohunkóhun mọ́, mo sì mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ní Ọ̀yọ́ ni a ti jẹun àárọ̀. Ẹ̀kọ wọn tutù, àkàrà wọn gbóná, ó sì tóbi ju ti ìlú wa lọ. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá péré ni mo ná tí mo fi yó. Láti Ìbàdàn lọ sí Ṣágámù, kòtò ojú ọ̀nà pọ̀ débi pé awakọ̀ ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń jó. Ẹ rántí pé kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ níwájú, mo máa ń di àga mú, torí n kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ ti gbọ́ òfin náà. Ọsàn ni wọ́n ń tà jù ní Ṣágámù. Ní Ìkòròdú, obìnrin kan gbé ẹja díndín wá sójú fèrèsé ọkọ̀, mo ra méjì. Ẹja náà ní adùn kan tí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń gbé wá fún wa lókè kò ní. Mo jẹ ọ̀kan, mo pa ìkejì mọ́ fún Dépò, torí orí ìbáà dà rú, ẹnu ṣì ń jẹun.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Jíbówú, ìyẹn gáréèjì tó wà lẹ́bàá Yábàá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn tí wọ́n ń pè ní àgbèrò. Àwọn yìí kì í wakọ̀, wọn kò sì ní ọkọ̀, àmọ́ ọkọ̀ kankan kò lè kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Mo ń kí ènìyàn bí mo ṣe ń kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ti tọ́ mi. Mo kí ìyá kan tó ń ta omi, mo kí bàbá kan tó ń dúró de ọkọ̀, mo tún kí kọ̀ńdọ́ẹ̀tọ̀ tó di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú. Kọ̀ńdọ́ẹ̀tọ̀ yìí nìkan ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé àbí kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Mo wọlé. Nínú bọ́ọ̀sì náà, mo ṣàkíyèsí pé tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kì í bẹ awakọ̀, kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó wà o!" ló máa ké, ìyẹn ni pé ẹni tó ń bọ́ wà nínú ọkọ̀, ó sì parí. Èmi kò lè ké irú rẹ̀. Nígbà tí a dé Ojú-Ẹlẹ́gba, mo dìde, mo ní, "Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níhìn-ín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ìjàǹbá ọ̀nà." Kí n tó parí rẹ̀, a ti kọjá Ojú-Ẹlẹ́gba. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà.

Mo béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àdúgbò tí ará ilé wa ní ọkọ̀ náà wà, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dín dùndú. Mo ní ọmọ mi ni mò ń wá, ọmọ gíga kan, aláwọ̀ dúdú, Ọládépò lorúkọ rẹ̀. Ó gbé àwo dùndú sílẹ̀.

"Ẹni tó ń sáré yẹn? Ẹ̀yin lẹ bí Dépò Búrẹ́dì?"

Mo ní Ọládépò ni mo sọ ọ́, n kò mọ ẹni tó fi búrẹ́dì kún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó júwe ibẹ̀ fún mi, ó sì fi dùndú méjì lé mi lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Mo wá rí i pé wọ́n ṣì bí èèyàn sí Èkó.

Ọgbà mẹkáníìkì ni mo bá ara mi. Ẹni tó ni ín, ará Ìjẹ̀bú kan tó sanra, tó ń jẹ́ Múfú, ń na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tí mo dé. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí mo jẹ́, ó nu ọwọ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ikùn rẹ̀ ṣe gbà á láyè, ó sì nàka sí igun ọgbà. Níbẹ̀ ni mo ti rí ilé ọmọ mi. Mọ́tò tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì kiri tẹ́lẹ̀ ni. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò ní táyà, orí búlọ́ọ̀kù ló dúró lé, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ BÚRẸ́DÌ ALÁDÙN sí i lára gàdàgbà.

"Ọ̀gá Múfú," ni mo wí, "ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé ó máa ń dá sọ̀rọ̀?"

"Ó máa ń sọ ọ́ dáadáa, Bàbá. Alaalẹ́ ni."

Mo sún mọ́ ọn. "Kí ló máa ń sọ?"

"Ìwé ló ń kà. Ó ní tí òun ò bá kà á sókè, kò ní wọ òun lórí. Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Òun ló ń bá mi ṣọ́ ọgbà yìí. Látìgbà tó ti débí, wọn ò jí nǹkan kan lọ."

Ọmọ náà dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ó rí mi, ó ju ìwé sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn tí epo mọ́tò ti sọ di dúdú. Mo kí i bí a ṣe ń kí ọmọ nílé, láìkánjú, mo sì rí i pé kò gbé àyà kúrò nílẹ̀ títí mo fi dákẹ́. Síbẹ̀ n kò jẹ́ kí ìyẹn tàn mí. Mo mú un jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí lorúkọ bàbá mi? Ta ló ni ilé tó kọjú sí tiwa? Ọjọ́ wo là ń ná ọjà? Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Ìgbà tí mo bi í ní àwọ̀ ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ ló tẹjú mọ́ mi.

"Bàámi, ṣé wọ́n ní orí mi ti yí ni?"

Ó wo inú àpò mi tó ṣí sílẹ̀.

"Okùn wá ńkọ́?"

"Okùn ewúrẹ́ ni," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ẹja rẹ̀ fún un.

Ó wá ṣàlàyé. Yàrá kan ní Múṣin ni ará ilé wa kọ́kọ́ fi í sí, nínú irú ilé tí wọ́n ń pè ní fés-mí-áì-fés-yú: yàrá kọjú sí yàrá lọ bẹẹrẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín. Ènìyàn márùn-ún ló ń sùn nínú yàrá náà. Onílé a máa fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ìta lálẹ́, kì í sì í ṣí i títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, nítorí olè. Tí Dépò bá sì máa sáré, àfi ìdájí, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó kún ojú títì, kí ó sì tó wọ kíláàsì. Ìdí nìyẹn tó fi kó lọ sínú mọ́tò Múfú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ṣé dandan ni eré sísá náà ni?" ni mo bi í.

"Bàámi, tí mo bá ń sáré lọ́nà jíjìn, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa lánàá máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ nínú orí mi. Àwa kan wà tí a ń ṣe é ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́ Sátidé yìí la máa díje." Ó wá sọ ọ́ fún mi pé ẹni mẹ́ta tó bá ṣíwájú nínú eré ìje náà, ilé ẹ̀kọ́ máa fún wọn ní ibùsùn ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ibẹ̀ kò jìnnà sí pápá, ẹnikẹ́ni kì í sì í ti ilẹ̀kùn mọ́ sárésáré.

Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, mo wọlé. Òórùn búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn pẹpẹ tí wọ́n ń to búrẹ́dì lé ṣì wà lára ògiri méjèèjì. Ìwé wà lórí ti òkè, aṣọ wà lórí ti àárín, lórí ti ìsàlẹ̀ ni ọmọ mi ń sùn sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde. Mo fọwọ́ kan pẹpẹ náà, inú bí mi. Ẹni tó kàn án kan ìṣó mẹ́ta síbi tí ìṣó kan ti tó, kò sì fá pákó rẹ̀. Èmi tí mo ti kan ibùsùn fún ìyàwó àti ọkọ nílé gbogbo, àkọ́bí mi ló ń sùn bí ìṣù búrẹ́dì.

"Ó dáa," ni mo wí. "Orí rẹ kò dàrú, mo ti gbà. Àmọ́ mo ti sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí. Tí o bá rí ibùsùn lọ́jọ́ Sátidé, wàá dúró, èmi nìkan á padà. Tí o kò bá rí ibùsùn, di ẹrù rẹ, a jọ ń lọ sílé ni. Wàá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi kò ní máa sùn lórí pẹpẹ."

"Mo gbọ́, Bàámi."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí ẹnì kan ń gbá mọ́tò náà gbì gbì. Mo rò pé olè ni. Ìyá kan ni, ó fẹ́ búrẹ́dì méjì. Dépò kò sí nítòsí, ó ti lọ sáré. Mo ní a kì í ta búrẹ́dì. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò sí mi létí, ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Dépò kọ́ mi lọ́gbọ́n nígbà tó dé. Ó ní, "Bàámi, ẹ kàn ní ó ti tán." Ohun tó ti ń sọ fún wọn láti ọjọ́ tó kó débẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, mo ti ń fi kún un pé kí wọ́n tètè dé lọ́la.

Ọjọ́ Sátidé náà, Múfú mú mi lọ dúró ní Ojú-Ẹlẹ́gba. Láti Yábàá ni wọ́n ti máa gbéra, wọ́n á gba Èbúté Mẹ́ta, wọ́n á gba Ìgànmú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé eré ńlá kan tó rí bíi fìlà, wọ́n á wá sí Súrùlérè, wọ́n á kọjá níwájú wa, wọ́n á gba ọ̀nà Múṣin, kí wọ́n tó padà sí Yábàá. Ju máìlì mẹ́wàá ló jẹ́. Èrò ti pọ̀ létí títì. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe bi mí bóyá wọ́n ń sá fún nǹkan ni. Mo dáhùn bí ẹni tó ti pẹ́ l'Ékòó pé eré ìdárayá ni.

Àwọn méjì kọ́kọ́ kọjá, wọ́n ń mí kíkankíkan. Lẹ́yìn wọn ni Dépò yọ. Òun ni ìkẹta, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì jìnnà. Ẹ̀yin ará ilé, n kò rí ọmọ yìí sáré rí látìgbà tó ti ń sá fún ẹgba mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù tó dùn. Mo rí i pé kì í ṣe ìranù ni ọmọ náà ń ṣe. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo bọ́ sójú títì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

Ní kété tó rí mi, gbalaja ló nà sórí ọ̀dà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàámi."

Kí ni kí baba ṣe tí ọmọ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ kí i lójú gbogbo ayé? Mo dá a lóhùn. "Àlàó! Ọmọ Àjílété! O káàárọ̀. O kú iṣẹ́, o kú ìnira, o kú òógùn. Wàá dàgbà, wàá dogbó. Ọmọ rẹ náà á kí ọ báyìí." Mo wọ inú oríkì ilé wa. Mo ki bàbá mi, mo ki bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ di ayùn mú. Bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣí fìlà, ó ní ẹni tó bímọ rèé. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, èmi náà sì ń gbóhùn sókè sí i. Ọmọ náà kò mira. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde kí àgbà tó parí ọ̀rọ̀.

Sárésáré kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Òmíràn tún kọjá.

"Bàbá!" Múfú ni. Ó fà mí láṣọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a sílẹ̀! Wọ́n ti ń kọjá rẹ̀!"

Oríkì ìyá bàbá mi ni mo ti dé. "Dìde," ni mo wí. "Dépò, dìde, sáré!"

"Ẹ ṣé, Bàámi," ló wí, ó dìde, ó sì lọ. Àyà rẹ̀ dúdú fún ọ̀dà títì.

Múfú fi ọkọ̀ oníbàárà kan gbé mi lọ sí Yábàá. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Dépò ti bá ẹnì kan lọ́nà Múṣin, ó sì ti kọjá rẹ̀. Ẹnì kejì, ó kù díẹ̀ kí ó bá a. Ipò kẹrin ló ṣe. Mo lọ bá tíṣà tó ń ṣètò eré náà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù kan, mo ní èmi ni mo dá ọmọ náà dúró, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò nínú àkókò rẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi dópin.

"Bàbá, ìwà ọmọ yín wú mi lórí," ló wí. "Àmọ́ ẹsẹ̀ la wá kà lónìí, a ò ka ìdọ̀bálẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí, inú mi sì tún ń dùn, n kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Nígbà tí a padà dé ọgbà, mo bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o kò lè juwọ́ sí mi ni?"

"Bàámi, kí n tó rò ó, mo ti wà nílẹ̀."

Ó wẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, ó ń tò wọ́n sínú páálí. Kò ráhùn. Ká ní ó ráhùn ni, ìbínú ì bá gbà mí, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì rọrùn fún mi. Ó fọ ṣòkòtò péńpé rẹ̀, ó sá a, ó ní tó bá gbẹ òun á kó o mọ́ ẹrù. Mo jókòó sórí táyà kan, mo ń wò ó. Ó dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òpópónà kejì, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù náà. Lálẹ́, mo ní kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó lọ dágbére fún àwọn tíṣà rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun náà rò.

Bó ṣe jáde tán, mo ní kí Múfú júwe ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ó ní kò sí ibòmíràn ju Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí ẹ rí ibẹ̀ kí ẹ tó kú. Inú omi ọ̀sà ni igi wà, gẹdú ńláńlá tí wọ́n so mọ́ra wọn, tí wọ́n ń léfòó lórí omi láti inú igbó wá. Àwọn ọkùnrin ń rìn lórí wọn láìbọ́ sómi. Ayùn ẹ̀rọ ń han, ìyẹ̀fun igi sì bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìlú wa, a máa ń bẹ igi kó tó dé ọwọ́ wa. Níbẹ̀, igi ló ń dúró de ènìyàn. Mo dúró, mo ń fimú fa òórùn rẹ̀ bí ẹni tó délé ọbẹ̀. Mo ra arère fún pẹpẹ, mo ra afàrà fún ibùsùn, wọ́n sì kó o lé ọmọlanke fún mi títí dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Káfíńtà kan tó wà ládùúgbò yá mi ní ayùn, òòlù àti ìfági rẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ọ̀kan náà ni wá. Kò jẹ́ kí n san nǹkan kan, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi láti wá wo bí mo ṣe máa lò wọ́n.

Mo fi ẹ̀yìn òòlù tú gbogbo pẹpẹ yẹn dànù, pẹ̀lú èébú. Mo kan ibùsùn tó gùn débi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò fi ní yọ mọ́, mo fá a títí ó fi ń dán. Mo kan tábìlì kan tí wọ́n lè ká mọ́ ògiri, mo kan pẹpẹ ìwé. Múfú gbé iná ìjórin wá, ó gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àkọlé, kí àwọn tó ń wá búrẹ́dì má baà ṣìnà. Ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ wá mú un lọ sílé ni?" Mo ní kó di pákó mú dáadáa.

Dépò dé nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní "Dìde" kó tó délẹ̀ tán. Ó wo inú mọ́tò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí mo dé?" ni mo bi í.

"Ẹ ní tí n kò bá rí ibùsùn, ká máa lọ sílé."

"Kí lo rí yẹn?"

Ó jókòó sórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré láti máa fi ọwọ́ wá ibi tí igi bá ti gún. "Ibùsùn ni, Bàámi," ló wí, ó sì yí ojú sí fèrèsé. Èmi náà jáde lọ kó ìyẹ̀fun igi, torí omi ti kún ojú mi.

Mo gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Jíbówú, mo ké "Ó wà o!" débi pé awakọ̀ yí orí padà wò mí. Ọ̀nà kò yàtọ̀, kòtò kò dín, ẹja Ìkòròdú sì ti fi kọ́bọ̀ márùn-ún wọ́n sí i. Ohun tí mo ń rò ní gbogbo ọ̀nà ni ohun tí mo máa sọ nílé, èmi tí mo lérí láàárín ẹbí. Ìrìn àjò yìí ti kọ́ mi pé ènìyàn lè tọ́ ọmọ dáadáa tán, kó máa wá bẹ̀rù ẹni tó tọ́. Ó tún kọ́ mi pé kí n máa dáhùn kíkí ní ṣókí, ohun tí kò rọrùn fún ará ìlú wa.

Ìyá Dépò ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Dépò, ọmọ mi dà?"

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: mọ́tò, ìwé kíkà, ilé Múṣin tí wọ́n ń tì, eré ìje, àti bí ọmọ náà ṣe dọ̀bálẹ̀ láàárín títì Èkó nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó sún mọ́ mi.

"Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn," ló wí, "ṣé àyà rẹ̀ kan ilẹ̀?"

"Ọ̀dà títì kún àyà rẹ̀."

"Kò sì dìde títí ẹ fi ní kó dìde?"

"Kò dìde."

Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Orí ọmọ mi pé," ló wí, ó sì wọlé lọ sọ fún àwọn tó kù.